Ẹ̀yin oníṣòwò Ẹdẹ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àtúnṣe kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún oníkọ̀ǹpútà nìkan

Àwọn àgbà ló sọ pé ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹ̀yin oníṣòwò ìlú Ẹdẹ tẹ́ ẹ ti gbé àkọsílẹ̀ owó yín kúrò nínú ìwé lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ mọ iye tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, ẹ mọ oníbàárà tó jẹ yín ní gbèsè. Àmọ́ ṣé ẹ mọ ohun tó gbé kọ̀ǹpútà náà dúró?

Ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ rìsíìtì, tí wọ́n fi ń ka ọjà tàbí tí wọ́n fi ń tọ́jú orúkọ aláìsàn ló jẹ́ pé Java ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn èdè kọ̀ǹpútà tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde lọ́dún 1995. Nítorí pé ọ̀fẹ́ ni Linux, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníkọ̀ǹpútà ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kà. Kì í ṣe ohun àjèjì rárá. DHIS2, tí orílẹ̀-èdè wa fi ń kó iye àwọn aláìsàn jọ láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Java ni wọ́n fi kọ ọ́, orí Linux ló sì sábà máa ń wà.

Ibo wá ni wàhálà wà? Linux ní àwọn fáìlì kan tí gbogbo ètò jọ ń lò, tí wọ́n ń pè ní library. Bíi kànga agbo-ilé ló rí: bí ẹnì kan bá tún un gbẹ́, gbogbo ilé ló máa kàn. Nígbà tí Ubuntu 22.04, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ó yọ OpenSSL 1.1 kúrò, ó fi 3.0 rọ́pò rẹ̀. Àwọn ètò tó gbára lé ti àtijọ́ kọ̀, wọn ò ṣiṣẹ́. Java fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀dà 11 tó jáde lọ́dún 2018 yọ àwọn nǹkan kan tó wà nínú ẹ̀dà 8 dànù. Kódà, bí fáìlì tó ń bójú tó lẹ́tà bá sọnù, kọ̀ǹpútà lè ṣírò owó pé pérépéré, kí rìsíìtì má jáde.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lọ́jọ́ ọjà máa ń búra pé òun ò ní gba àtúnṣe kankan mọ́. Lójú tèmi, ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti yọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nítorí pé kọ́kọ́rọ́ há. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n rí ihò kan nínú Log4j, library tí àìmọye ètò Java ń lò. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan péré ni olè máa fi ránṣẹ́, á sì máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà olókọ̀ǹpútà láti òkèèrè. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú ètò gan-an ni Log4j máa ń wà, kì í sábà sí lára Linux. Àtúnṣe Linux nìkan ò lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹni tó kọ ètò náà tún un ṣe. Bí ẹni náà bá ti kógbá wọlé, ẹ tètè máa wá òmíràn.

Oríṣi àtúnṣe méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àtúnṣe kéékèèké tó ń dí ihò, ẹ tètè máa gbà á. Èyí tó ń gbé Linux láti ẹ̀dà kan bọ́ sí òmíràn ló ń fẹ́ ètò, kò sì ṣeé sá fún títí láé: Ubuntu 20.04 ò rí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó wà fún gbogbo ayé gbà mọ́ láti oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Kó tó di pé wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ ní kí wọ́n da àkọsílẹ̀ yín kọ sórí dísìkì mìíràn, kí wọ́n sì ṣí i lójú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan, kí wọ́n tẹ rìsíìtì jáde níbẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ tí ọjà dákẹ́, kí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà wà nítòsí, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà lè má dìde mọ́. Ẹ béèrè ẹ̀dà Java tí ètò yín ń lò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Java méjì lè wà lórí Linux kan láìjà. OpenJDK tó ń bá Linux wá ni kẹ́ ẹ mú, torí ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún 2019 ni Oracle, tó ra Sun, ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò fún àtúnṣe tuntun ẹ̀dà 8.

Ẹnì kan lè ní ọjà lòun ń tà, òun ò kàwé kọ̀ǹpútà. Ẹ ò nílò rẹ̀. Ìlú tó ní Pólì ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1992, tó tún ní yunifásítì Redeemer's àti Adeleke, kò yẹ kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tì. Ẹ sanwó tó tọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì gba ohun tó ṣe ní kíkọ sílẹ̀. Bó bá lọ sìnrú ìlú lọ́la, ìwé yẹn ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kà. Ọmọ iṣẹ́ ló ń tẹ bọ́tìnnì, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni owó tó wà nínú kọ̀ǹpútà.