Alùpùpù Tó Lábùkù, Ta Ni Yóò Pè É Padà?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété, bí bíréèkì ọ̀kadà bá já ní Takie, tí ọlọ́kadà sì forí sọ ọkọ̀, kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn ni àwọn tó pagbo lé e lórí yóò ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán: àwọn kan á ní ṣẹ̀pẹ̀ ló mu yó, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni, àgbàlagbà inú wọn á sì mi orí pé Ògún Lákáayé ló ń bínú, bẹ́ẹ̀ Ògún kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀; ṣùgbọ́n n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bóyá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ irin náà ni àbùkù ti bá a wá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní Amẹ́ríkà, tí òfin ààbò ọkọ̀ ti wà láti 1966, ilé-iṣẹ́ tó bá rí i pé ewu fara sin sínú alùpùpù tí òun ti tà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ 5 kọjá kí ó tó fi tó ìjọba létí. Yóò kọ̀wé sí àwọn tó rà á, yóò sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí bíréèkì àwọn alùpùpù Harley-Davidson kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ lójijì nítorí pé ọ́ìlì bíréèkì tó ti gbó ń dì sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ìbá ti sọ pé àwọn oníbàárà ni kò pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn ọdún méjì-méjì bí ìwé ìlò ti wí, kí ó sì fọwọ́ lẹ́rán. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2016, ó pe èyí tó lé ní 170,000 padà ní 2018.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa kò ní òfin. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, tí àjọ FCCPC sì ń mójú tó, pàṣẹ pé ẹni tó ṣe ọjà tàbí tó ń pín in, bó bá ti mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀, kí ó kéde fáyé gbọ́, kí ó sì kó o kúrò lórí àtẹ.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni okùn ti já. Ẹ wo rìsíìtì tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ń já fún ẹni tó ra ọ̀kadà, láti Ọ̀yọ́ Aláàfin dé Ògbómọ̀ṣọ́: orúkọ ọ̀kadà, iye owó, àti ìkìlọ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lọ́rùn ọ̀kadà kò sí níbẹ̀. Fóònù ẹni tó rà á kò sí níbẹ̀. Ìyá oníṣòwò kan lè rà á, kí ó gbé e fún ọmọkùnrin kan láti máa dá owó wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tó ọdún méjì ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkẹta ní Ìkòyí-Ilé. Bí àwọn tó ṣe é ní Íńdíà bá ké pè é lónìí, ta ni yóò jẹ́ wọn?

Mo mọ àwíjàre àwọn oníṣòwò, pé ọlọ́kadà a máa gbé èrò mẹ́ta, a sì máa lo pààtì gbàrọgùdù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó ń gùn ún kò pa ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó tà á rẹ́, ẹni tó jẹ dídùn ni í jẹ kíkan. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń lọ ra ọ̀kadà, ẹ má ṣe ka owó lé oníṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ títí yóò fi kọ nọ́ńbà ọ̀kadà náà àti fóònù yín sínú ìwé tirẹ̀ àti tiyín. Bó bá kọ̀, ẹ gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ.