Agbára Púpọ̀ Tàbí Bátìrì Tí Ń Pẹ́?

Nígbà tí òbí bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ọmọ tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á ni pé, "Èwo ni ó lágbára jù nínú wọn?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ó yẹ kí ó tún béèrè pé, "Wákàtí mélòó ni yóò lò bí iná bá lọ?" Ní tèmi, fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa, ìbéèrè kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni ohun kan wà tí a lè pè ní ọpọlọ rẹ̀; òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò tí a bá gbé fún un. Bí ẹni tí ń sáré ti í tètè rẹ̀ ju ẹni tí ń rọra rìn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ tí ń yára ń jẹ iná ju èyí tí ń ṣe pẹ̀lẹ́ lọ. Wáàtì ni a fi ń wọn iná tí ó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi méjì wé ara wọn. Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Intel gbé i7-1255U àti i7-12700H jáde. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, nítorí "i7" tí ó ṣáájú orúkọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Lẹ́tà tí ó kẹ́yìn ni kí a wò. Èyí tí ó ní U ní apá iṣẹ́ 10, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní core, wáàtì 15 sì ni ìwọ̀n iná tí a ṣe é fún. Èyí tí ó ní H ní 14, ìwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 45.

Ká ní bátìrì kan lè pèsè wáàtì 45 fún wákàtí kan gbáko. Bí a bá fi iṣẹ́ líle há ọpọlọ méjèèjì mọ́, ti U yóò lo wákàtí 3, ti H yóò lo wákàtí 1 péré, láìtíì ka ohun tí ojú kọ̀ǹpútà ń jẹ. Lóòótọ́, bí ó bá ṣe ìwé kíkọ nìkan ni, méjèèjì kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ wọn a sì dín kù.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù tàbí yíya àwòrán ilé kò lè fi ọpọlọ kékeré ṣiṣẹ́. N kò bá wọn jiyàn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìwé kíkà, àròkọ, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọpọlọ U sì tó o ṣe. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbára ni ó máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò lára iná. Agbára tí a fi owó ńlá rà kò wá sí nílé lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀.

Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2024, ètò iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ni owó epo tí a ń dà sínú ẹ̀rọ amúnáwá ti ga sókè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àwọn òbí yín bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún yín, ẹ kọ́kọ́ ro iṣẹ́ tí ẹ óò fi ṣe. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ líle, ẹ mú èyí tí ń ṣọ́ iná jẹ, kí ẹ sì fi owó tí ó bá ṣẹ́ kù ra bátìrì tí ó tóbi. Ẹni tí ó bá lè parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn kì í ṣe ẹrú iná.