Àgbọ̀nrín Inú Igbó, Àgbọ̀nrín Inú Ọgbà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ṣe àríyànjiyàn ní kíláásì wa: èwo ló dára jù, kéèyàn dọdẹ àgbọ̀nrín nínú igbó tí Ọlọ́run dá a sí, àbí kó sanwó wọ ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká, kó yìnbọn pa á níbẹ̀? Igbó ni ẹgbẹ́ tèmi gbè. Àwa la borí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀, torí ẹgbẹ́ kejì sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò rí fèsì.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà rèé, mo sì ṣì dúró lé e. Ọdẹ tó wọ igbó ò mọ ibi tí ẹran wà. Ó máa wo ojú ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀, ó máa wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Ó lè rìn mọ́jú kó padà lọ́wọ́ òfo. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Ṣùgbọ́n láwọn ọgbà kan ní Texas, l'Amẹ́ríkà, ẹran ti níye owó lórí kó tó kú. Wọ́n á máa gbé oúnjẹ síbì kan kó lè mọ ibẹ̀, ẹni tó sanwó á wá jókòó dè é. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí kéèyàn yìnbọn pa ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé?

Ọ̀rọ̀ tí a ò rí fèsì wá nìyí. Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní oryx. Ẹbí àgbọ̀nrín ni, ara rẹ̀ funfun, ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bíi dòjé. Etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni ilé rẹ̀. Àwọn oníbọn ń fi mọ́tò lé e, ọ̀dá òjò náà dá kún un, títí ó fi di pé ní ọdún 2000, àjọ IUCN kéde pé kò sí ọ̀kan mọ́ nínú igbó. Igbó tí mo gbè náà ni wọ́n ti pa á tán o! Níbo ló wá kù sí? Inú ọgbà ni, títí kan àwọn ọgbà Texas tí mo bú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, torí pé owó àwọn ọdẹ ló ń mú kí àwọn onílẹ̀ sìn ín.

Ní 2016, wọ́n kó díẹ̀ padà sí ilẹ̀ Chad, láti inú agbo tí wọ́n ń sìn ní Abu Dhabi. Wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní 2023, IUCN yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ti tán nínú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu ṣì wà fún un.

Èrò mi báyìí ni pé ọgbà dà bí àká. Inú àká la ń tọ́jú irúgbìn sí, ṣùgbọ́n oko la ó gbìn ín sí. Ẹni tó ń jèrè lórí ẹran inú ọgbà, kó dá lára rẹ̀ padà sílé. Àwa tó ń yin igbó náà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ọdẹ tó ń pa aboyún ẹran pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń jà lólè.

Bí wọ́n bá tún pè mí sí àríyànjiyàn yẹn, igbó ni màá ṣì gbè. Ṣùgbọ́n kí n tó bú wáyà, màá kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó sọ wáyà di dandan. Ẹni tó bá lésì, kó kọ ọ́ wá, a máa lẹ̀ ẹ́ síbí.