Àwọn tó ń sá fún òtútù lójú òkun: Ta ló ń jèrè wọn?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Jánúárì bá ti dé, tí òtútù mú gidi ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn a máa wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ní Miami, wọn a sì forí lé erékùṣù Bahamas láti lọ yá oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Oòrùn nìkan kọ́ ló ń gbé wọn débẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1886 kò gbà kí ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè máa kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ sí òmíràn. Bahamas àti Panama sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ti forúkọ sílẹ̀, nítorí owó orí àti òfin òṣìṣẹ́. Dandan ni kí wọ́n yà sí ilẹ̀ òkèèrè, Bahamas ló sì sún mọ́ Miami jù.

Lọ́dún 2024, àlejò tó lé ní mílíọ̀nù 11 ló wọ orílẹ̀-èdè náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 400,000 lọ. Ojú omi ni èyí tó pọ̀ jù gbà wọlé. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tún ní etíkun tiwọn níbẹ̀, irú bíi CocoCay àti Celebration Key tí wọ́n ṣí ní oṣù Júlàì, 2025. Owó tí ìbá bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò Nassau ń padà sápò olówó ọkọ̀.

Èrò pọ̀ lóòótọ́; èyí tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ onílé ló yẹ kí ìjọba máa kà.