Ìyá ṣíra sílẹ̀ nítorí ìbò, olóṣèlú jókòó jẹun

Àgbàlagbà obìnrin kì í ṣàdédé bọ́ aṣọ láàárín ìgboro. Bí ìyá bá fi lè ṣí ọmú tó fi tọ́ ọmọ dàgbà síta, lójú ọmọdé lójú àgbà, ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ ẹ̀ yóò yáa sá wọlé ni, torí èpè ti dé nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ádó-Èkìtì gan-an nìyẹn lópin oṣù Kẹrin, ọdún 2009. Àwọn ìyá àgbà tú síta, àwọn kan nínú wọn ò wọ bùbá, wọ́n ń rìn láàárín títì, wọ́n ń figbe ta. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yóò rò pé wọ́n pa ọmọ wọn ni. Ìbò tí wọ́n dì ni wọ́n ní kí wọ́n kà bó ṣe wà.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2007, wọ́n dìbò gómìnà. Ìbò ọdún yẹn rí játijàti débi pé Ààrẹ Umaru Yar'Adua tó wọlé fúnra ẹ̀ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un pé kùdìẹ̀-kudiẹ wà níbẹ̀. L'Ékìtì, àjọ elétò ìdìbò ní Ṣẹ́gun Òní ti ẹgbẹ́ PDP ló wọlé. Káyọ̀dé Fáyẹmí ti ẹgbẹ́ AC ní irọ́ ni, ló bá gba kóòtù lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 2009, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn n'Ílọrin fagi lé e, wọ́n ní kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 10.

Wọ́n tún un dì lóòótọ́ lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹrin. Àmọ́ kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́! Èsì ìbò Ìdó-Òsì lọ̀rọ̀ há sí. Ẹgbẹ́ kan ní òótọ́ ni, ẹgbẹ́ kejì ní ayédèrú ni. Ìyáàfin Ayọ̀ká Adébáyọ̀ tó jẹ́ kọmíṣánnà àjọ elétò ìdìbò l'Ékìtì, àgbàlagbà lòun náà, ṣàdédé kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́, pé ẹ̀rí ọkàn òun gẹ́gẹ́ bíi Kìrìsìtẹ́nì ò gbà á. Ariwo sọ! Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ń wá ìyá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni màmá tún yọjú, ni wọ́n bá kéde Òní ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ohun tó gbé e lọ àtohun tó gbé e padà, títí dòní ni wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lábẹ́ igi.

Àwọn tó dàgbà l'Ékìtì mọ ohun tí ìbò àjídì lè fà. Lọ́dún 1983, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n kéde Akin Ọmọ́bóríowó pé ó na Adékúnlé Ajásin. Iná ọmọ ọ̀rára sọ káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n jólé, wọ́n pààyàn, kí kóòtù tó dá ipò padà fún Ajásin. Ìdí rèé tí ti ọdún 2009 fi yàtọ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí ò gbé bẹntiróòlù dání. Ara wọn ni wọ́n gbé jáde.

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010, ni kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Fáyẹmí ló wọlé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n búra fún un. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ gbáko ló gbà!

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn rèé. Nígbà tó di ọdún 2014, Òní ti dé inú APC, ẹgbẹ́ Fáyẹmí, wọ́n tiẹ̀ fi í ṣe igbákejì alága gbogbogbòò. Àwọn méjèèjì tó wọ́ ara wọn kiri kóòtù ti jọ wà nínú ilé kan. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tún pín wọn níyà lẹ́yìn náà, Òní kúrò, ó sì du ipò gómìnà lábẹ́ SDP lọ́dún 2022. Bí olóṣèlú ṣe ń ṣe nìyẹn. Ta ló wá bá àwọn ìyá tó ṣíra sílẹ̀ da aṣọ bora?

Èyí tó tún burú jù, nígbà ìbò gómìnà ọdún 2018, orúkọ tuntun ti délẹ̀ l'Ékìtì: "Dìbò kóo sebẹ̀." Àwọn oníròyìn àtàwọn tó ń ṣọ́ ìbò sọ pé wọ́n ń ná owó fáwọn olùdìbò lójúkò ìdìbò, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ni wọ́n sì nàka sí. Ìbò tí ìyá fi ìhòòhò jà fún lọ́dún 2009, ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ fi í ṣe lọ́dún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ta ìbò lówùúrọ̀, ẹnu wo ni yóò fi ní wọ́n jí i lálẹ́?

Àwọn kan ní ẹ̀rọ ti dé, kò séwu mọ́. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n ń lò láti ọdún 2021 máa ń mọ ojú àti ìka olùdìbò, ìyẹn dáa, ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń fi orúkọ olórúkọ dìbò. Ṣùgbọ́n kì í ka ìbò. Ọwọ́ èèyàn ló ń kà á, orí ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n ní gbogbo ayé yóò máa rí ìwé náà lórí IReV. Nígbà tó di ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, èsì ìbò ààrẹ kọ̀, kò gòkè bọ̀rọ̀. Àjọ elétò ìdìbò ní ẹ̀rọ ló dà á rú. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, kóòtù tó ga jù lọ ní ojú táwọn èèyàn fi ń wo èsì lásán ni IReV, pé àìgòkè ẹ̀ ò ba ìbò jẹ́.

Ọ̀rọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó dìbò nìyẹn. Lójúkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìbò síta kí gbogbo èèyàn gbọ́. Aṣojú ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí ìwé èsì, wọ́n á sì fún un ní ẹ̀dà tiẹ̀. Èsì kan tún wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojúkò kí ará àdúgbò lè kà á. Ọ̀fẹ́ ni kíkà, ọ̀fẹ́ ni kéèyàn ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Bí wọ́n bá ka 87 lójúkò, tó wá di 870 ní wọ́ọ̀dù, fọ́tò yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Kò sí ìyá tó yẹ kó tún bọ́ aṣọ mọ́ nítorí ìbò. Ọmọ tó bá gba owó ọbẹ̀, tó sì lọ sùn, òun gan-an ló ń bọ́ ọ lára ìyá ẹ̀.