Ta Ni Yóò Bá Wọn Ta Ọjà Náà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí aago tó lù. Páálí mẹ́ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi láti ọdún tó kọjá. Méjì jẹ́ ọṣẹ ìfọyín, ọ̀kan jẹ́ tíì. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ iléeṣẹ́ náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àǹtí kan wá bá wa láti Adó sí Aramọkọ níbí. Wọ́n gbé ìwé aláràbarà kalẹ̀, wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ hàn wá. Wọ́n ní kí ìyá mi san owó ìwọlé, kí wọ́n ra ọjà, kí wọ́n wá mú ènìyàn márùn-ún wọlé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà sì tún mú márùn-ún wá. "Mọ́mì, ẹ má fòyà, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá." Bí Àǹtí Adó ṣe wí nìyẹn. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni ìyá mi ń tà. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀wà ni wọ́n kó sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti mú ènìyàn méjì wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì. Èmi gan-an ni mo ní kí ọ̀rẹ́ mi lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n ò ní fi pamọ́.

Látìgbà tí Àǹtí Adó ti gba èrè lórí àwọn méjèèjì, wọn ò gbé ìpè wa mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi wá ń bi ìyá mi pé, "Báwo la ṣe ń tà á? Ta ló ń rà á?" Ìyá mi ò mọ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́, kí ló fẹ́ fi kọ́ ẹlòmíràn? Ọṣẹ ìfọyín tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó wà lórí àtẹ, ta ló fẹ́ rà á? Ní báyìí, táwọn méjèèjì bá pàdé lọ́jà, ìkíni wọn ti di ti ẹnu lásán.

N ò sọ pé gbogbo òwò irú èyí ni jìbìtì o. MMM ni jìbìtì gidi. Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní 2015, ó ṣèlérí èrè 30 nínú 100 lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá 2016, tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé àgádágodo kọ́ owó àwọn ènìyàn. Kò sí ọjà kankan níbẹ̀, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ò sì kọ́gbọ́n, torí ní 2025, CBEX náà dojú dé, àwọn tó pàdánù owó ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ní ọṣẹ àti tíì yàtọ̀ sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èrè orí mímú ènìyàn wọlé bá ti ju èrè orí ọjà lọ, wọ́n ti ń jọra nìyẹn.

Mo gbé e fún olùkọ́ ìṣirò wa, a jọ ṣe é. Ẹnì kan mú 5, àwọn 5 mú 25, àwọn 25 mú 125, àwọn 125 mú 625. Àpapọ̀ gbogbo wọn jẹ́ 781. Nínú 781 yìí, 625 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò tíì ní ẹnì kankan lábẹ́ wọn. Ìyẹn ni pé mẹ́rin nínú márùn-ún ti náwó, wọ́n kàn ń wojú ọ̀nà ni. Kí àwọn náà tó rí márùn-ún-márùn-ún, àfi kí wọ́n wá 3,125 ènìyàn mìíràn, kí ìyẹn náà tún wá 15,625. Tí a bá kó Aramọkọ tán, tí a kó Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n mọ́ ọn, ṣé ewúrẹ́ la ó wá máa mú wọlé ni?

Ẹ wo àbúrò bàbá mi ní Ìjerò. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ télọ̀. Nígbà tí wọ́n ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ọ̀gá wọn ló lọ bẹ oníbàárà. Ọjọ́ tí wọ́n gbòmìnira, ọ̀gá tún júwe oníbàárà fún wọn. Nínú àjọ pẹ̀lú, ẹni tó bá mú ènìyàn wá ni onídùúró rẹ̀. Tí ẹni náà bá kó owó sá lọ, ọrùn onídùúró ni gbèsè wà. Ìyá mi mọ òfin yìí dáadáa, wọ́n ti san irú rẹ̀ rí. Kí ló dé tí ẹni tó mú wa wọ òwò ọlọ́ṣẹ ò fi lè ṣe onídùúró wa? Kí wọ́n bá wa lọ sọ́jà fún oṣù mẹ́ta ná. Tí kò bá tà, kí wọ́n gba ọjà wọn, kí wọ́n dá owó padà.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ní SS 3 ti ń gbé fọ́ọ̀mù irú èyí kiri nílé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé mélòó ni àwọn fúnra wọn ti tà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi, tí ẹ bá ti rí fọ́ọ̀mù náà ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè níbẹ̀ náà.

Ní Sátidé yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yóò gbé páálí lọ sọ́jà. Iye tí ọjà bá gbà la ó tà á. Ti ìyá rẹ̀ la ó kọ́kọ́ tà.