Ẹ wo fóònù ọmọkùnrin náà

Bí òbí kan ní Kétu tàbí Sábẹ bá ń ráhùn pé fóònù ti di bárakú fún ọmọ òun tó wà ní yunifásítì, ẹ bi í pé ọmọ wo ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ni. Òun ni wọ́n ń rí tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀, tó ń jó lórí TikTok, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí di òru. Ọmọkùnrin tó jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, wọ́n ní ó ń kàwé.

A kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí a kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, a mọ bí yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí.

Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Kòríà ti Gúúsù gbé ìbéèrè 10 kalẹ̀ láti fi mọ ọ̀dọ́ tí fóònù ti fẹ́ di bárakú fún. Nínú máàkì 60, ọmọkùnrin tó bá ti gba 31 ti wà nínú ewu. Ti ọmọbìnrin jẹ́ 33. Máàkì méjì péré ló wà láàárín wọn! Ohun tó ń mú wọn ló yàtọ̀. Ìwádìí káàkiri ayé sábà ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ sísọ àti fọ́tò ló ń fa obìnrin, géèmù àti tẹ́tẹ́ ló ń fa ọkùnrin. Nínú ìwé àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2019, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn. WhatsApp kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó yín ni. Owó oúnjẹ tí ẹ fi Momo ránṣẹ́ sí Abomey-Calavi láàárọ̀ Sátidé, orí nọ́ńbà kan náà ni ọmọ lè gbà fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ra mẹ́gà mọ iye tó ná, nígbà tó bá tán, ó tán. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ tó pàdánù máa ń fẹ́ lé owó náà bá. Ibẹ̀ ni gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni irọ́ pé wọ́n fi kún owó ilé ti ń wá.

Ti ọmọbìnrin kì í ṣe kékeré o. Àìsùn ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ ni fífi ara rẹ̀ wé ẹni tí kò rí rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ìwé ẹ̀kọ́ àti àkókò kíláàsì tí wọ́n ń fi sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á máa bá tirẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ní kí ọmọbìnrin máa fi fóònù sí ibi tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Ọmọkùnrin ní tirẹ̀, ẹ ní kí ó ṣí àkọsílẹ̀ Momo rẹ̀ níwájú yín, kí ẹ jọ ka ibi tí owó gbà lọ. Bó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ẹ dúró dè é.